Ọdún Mẹ́ta Tí Mùjíbátù Bó Dànù

Mùjíbátù lágbára lẹ́nu iná gàrí, ó sì lẹ́nu ju agbára lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: kí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Lọ́dún tó kó láti Ìsẹ́yìn wá sí abúlé kan lẹ́yìn Móníyà, Bàṣírátù ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́sàn-án láìtíì rí ilé ìwé. Ẹnu iná ló ti ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ojú ti Mùjíbátù. Ó wo ọmọ náà, ó kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, sà."

Ó bó ọdún mẹ́ta kúrò lára ọmọ bí ẹni bó èèpo ẹ̀gẹ́. Kí ló burú níbẹ̀? Ta ni ò ṣe irú ẹ̀ rí? Ẹ má dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ànúolúwapọ̀ wá wọn àwọn ọmọ nílé ìwé. Mùjíbátù tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ, torí àwọn obìnrin ẹnu iná ti ń sọ ọ́ ní gbangba: "Ìyá Bàṣírá, ọmọ yín mà gbẹ o. Ṣé ẹ ń fún un lóúnjẹ?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Nọ́ọ̀sì gbé Bàṣírátù sórí òṣùwọ̀n, ó wọn gíga rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kan lórí ìwé.

"Ẹ wò ó, mà, ìwọ̀n nìkan ò tó. A ó fi wé gíga rẹ̀, a ó wá fi ohun tá a bá rí wé ti àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó dáa fún ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kéré jù fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mẹ́wàá lẹ pè é, àbí?"

Ọ̀gá ilé ìwé dúró níbẹ̀. Mùjíbátù yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Mẹ́wàá ni. Ṣebí èmi ni mo bí i."

"Ó dáa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì burú."

Háà! Mùjíbátù gbé káàdì tí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí dé ẹnu iná. "Ẹ̀yin ẹlẹ́nu, ẹ kà á! Nọ́ọ̀sì ló sọ pé kò sóhun tó ṣe ọmọ mi."

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, Bàṣírátù bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láìdábọ̀, ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń gbẹ sí i. Káàdì ni ìyá rẹ̀ ń wò. Ó ní ooru ni. Àṣé àtọ̀gbẹ ni. Ta ni yóò ro àtọ̀gbẹ mọ́ ọmọdé?

Ọjọ́ tó dákú, ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

"Mẹ́wàá." Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ló bá bú sẹ́kún. "Mẹ́tàlá ni, ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni mo pa!"

Ọmọ náà ò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì wá kí i. Mùjíbátù jẹ́wọ́ fún un. Nọ́ọ̀sì wo káàdì náà títí. "Ká ní ẹ sọ fún mi ni, mà, ọjọ́ náà gan-an ni ǹ bá ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Ọdún mẹ́rin péré ni ti Mùjíbátù lọ. Òtítọ́ bá a, ṣùgbọ́n kò bá ọmọ nílé.

Àwọn obìnrin ẹnu iná jókòó tì í, wọ́n ń sunkún. "Ọmọ kékeré! Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré!"

Mùjíbátù gbé orí sókè. "Mẹ́tàlá ni."

Wọ́n wojú ara wọn. Ọ̀kan fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Bàṣírá. Ìbànújẹ́ ló ń dà yín lórí rú."