Àgbélébùú Orí Pósí Bíńgò

Okùn ni wọ́n fi máa ń ránṣẹ́ sí àwa tó ń kan pósí. Bí ènìyàn bá kú, ẹbí rẹ̀ á fi okùn wọ̀n ọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á ta kókó síbi tí ìwọ̀n parí sí, wọ́n á sì mú okùn náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kápẹ́ńtà tó mọ iṣẹ́ kì í béèrè ẹni tó kú tàbí ohun tó pa á. Á gba okùn, á ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró," á sì nà án sórí pákó. Bí oníbàárà bá ń lọ, á ṣọ́ ẹnu rẹ̀, nítorí nínú iṣẹ́ tiwa a kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó tún padà wá. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àìbéèrè yẹn kò sì dà mí láàmú rí, àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Lámídì télọ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré, yàrá ìsàlẹ̀ nílé Mama Filomẹ́nà ní Pópó Àgùdà ló sì ti ń ránṣọ. Ojú rẹ̀ fà ro. Okùn tó mú wá kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ.

"Ilé Mama ló ti wá," ó ní. "Funfun ni kí o kùn ún."

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ọ̀dà funfun: ọmọdé nìyẹn. Mama ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń ti Ìlú Òyìnbó wá kí i. Mo wo ojú Lámídì, kò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló nà jìnnà sí ara, bíi pé kì í ṣe òun ló ni ín. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, mo gba okùn, n kò béèrè nǹkan kan.

N kò ní purọ́, mo sunkún sórí pákó yẹn. Mo ní ọmọ tí kò ga ju okùn yẹn lọ nílé. Mo pa iṣẹ́ mìíràn tì, mo fa pákó ọ̀gànwó pupa kan tí mo ti tọ́jú yọ, mo gé e, mo fá a, mo kàn án. Mo gbẹ́ àgbélébùú kékeré, mo kàn án mọ́ ìdérí, mo sì kun gbogbo rẹ̀ ní funfun lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ọ̀dà ti gbẹ. Mo de táì tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé pósí lé èjìká, mo sì gba títì lọ. Àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà fún mi, àwọn obìnrin ń bojú. Ìyá kan tiẹ̀ tẹ̀ lé mi dé kọ́nà, ó ń súre fún ìyá ọmọ.

Fàdá ìjọ Àgùdà tí Mama ń lọ ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdúrà àti omi mímọ́ lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì pẹ́ tó gba oyè àlùfáà. Mama ti ránṣẹ́ sí i pé ẹnì kan kú mọ́ òun lọ́wọ́. Àwa méjèèjì jọ gun òkè pẹ̀lú ojú ọ̀fọ̀, Lámídì tẹ̀ lé wa. Mama wà lórí àga, ó wọ dúdú látòkè délẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ká aṣọ funfun tó wà lórí ẹní níwájú rẹ̀.

Ajá ni. Bíńgò ni, ajá pupa arúgbó tó máa ń sùn lẹ́nu àtẹ̀gùn wọn. Mo wo Fàdá, Fàdá wò mí, Lámídì wo àjà.

"Mama," Fàdá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ajá nìyí."

"Ajá ni, Fàdá. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi jẹ́ ajá mi."

Mo yíjú sí Lámídì. "O ò sọ fún mi."

"Kò lè jáde lẹ́nu mi," ó ní. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi wọn ajá. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo ti fọ ọwọ́ yìí láti àárọ̀."

Fàdá jókòó, ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní Ìjọ kò sọ pé ẹranko kò ní ọkàn. Igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé pàápàá ní ọkàn tirẹ̀, òun ló ń mú un dàgbà tó fi ń so. Ti ajá ju ti igi lọ, nítorí ajá mọ ebi, ó mọ ìrora, ó sì mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti kú, ọkàn àwọn méjèèjì tán síbẹ̀. Ti ènìyàn nìkan ni kì í kú.

"Igi máńgòrò mi ní ọkàn?" Mama béèrè.

"Lọ́nà tirẹ̀, Mama."

"Lámídì, o gbọ́? Ìdí ẹ̀ lo máa ń da omi ọṣẹ sí."

Lámídì ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mama kọjú sí mi. "Ẹ̀yin Áńgílíkà ńkọ́? Kí lẹ̀yin rí sí i?"

Mo ní àlùfáà wa ti wàásù pé kìnnìún àti ọ̀dọ́ àgùntàn yóò jọ máa gbé nínú ayé tuntun, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá àwọn tó ti kú ni tàbí òmíràn ni Ọlọ́run máa dá. Fàdá ní kí n jọ̀wọ́, kí n má dá sí i.

"Nígbà ìkún omi," Mama ní, "ṣebí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó ẹran wọnú ọkọ̀?"

"Wọ́n wọlé, Mama. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kan pósí fún wọn."

Mama fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Fàdá, mi ò ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òkú ìjọ. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, Bíńgò nìkan ló ń dìde bí mo bá wọlé. Àgbélébùú tí Kápẹ́ńtà fi sí i yìí, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ń bẹ̀ yín."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ó ṣe Fàdá náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mi orí. "Ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbà, Mama. Ẹni tó ń retí àjíǹde ni àgbélébùú wà fún. Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá gbọ́, kí ni mo fẹ́ sọ? Bàbá Kápẹ́ńtà, ẹ bá mi yọ ọ́."

Mo yọ òòlù lápò, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ fa ìṣó mẹ́rin tó dì í mú, mo sì ṣí àgbélébùú kúrò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti tú síta. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ dáadáa máa ń kun ìdérí tán, kó gbẹ, kó tó kan àgbélébùú mọ́ ọn. Nínú ẹkún àti ìkánjú, èmi kọ́kọ́ kàn án kí n tó kun ọ̀dà. Ọ̀dà kò dé abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, àgbélébùú pupa ọ̀gànwó ló kù láàárín funfun, ó hàn ketekete ju èyí tí mo yọ lọ. Mama fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ kùn ún," Fàdá ní.

Mo wo Mama. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ọ̀dà ti tán, Fàdá," mo ní. Odidi gálọ́ọ̀nù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, n kò sì tíì ṣí i.

Fàdá wò mí títí. Ọ̀dà funfun ṣì wà ní gbogbo èékánná mi. "Ó ti tán," òun náà ní. Ó ṣí ìwé àdúrà, ó pa á dé, ó wọ́n omi mímọ́ sí Mama lórí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀dá rẹ̀ tó fi ṣe ojúgbà fún opó yìí fún ọdún mẹ́rìnlá. Gbogbo wa ṣe àmín, Lámídì náà ṣe é. A sin Bíńgò sí ìdí igi máńgòrò.

Bí a ti ń kúrò nídìí igi náà, Fàdá fà mí sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ̀yin Áńgílíkà kì í lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún àlùfáà, àbí?"

"Ọ̀pọ̀ wa kì í lọ, Fàdá. Ọlọ́run la máa ń sọ ọ́ fún tààrà."

"Bẹ́ ẹ bá ń sọ ti ọ̀dà yẹn," ó ní, "ẹ bá mi fi tèmi kún un."