Wáyà Tí Kò Ní Fíùsì

Gwagwalada ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé nígbà náà, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé oníyàrá méjì tí ìjọba kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá sí Abuja. Awọnlẹ̀ ni mí, nọ́ọ̀sì ni òun. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń wa jíìpù wa lọ sí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Abaji láti gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí ọkọ̀ ilé ìwòsàn wọn ti wà lórí búlọ́ọ̀kù láti ìgbà òjò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò fẹ́ ooru. Mo so fíríìjì kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn jíìpù náà tó ń gba iná lára bátìrì, mo sì tún so iná ńlá méjì mọ́ iwájú rẹ̀. Fíùsì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbára lé, fíùsì náà kò sì yé jó. Nígbà tó jó lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó mi wé bébà tó ń dán inú páálí sìgá mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ ti kọ́ ọ, ó sì wakọ̀ wálé. Ara mi bù máṣọ nígbà tó sọ fún mi, nítorí bébà yẹn kì í já bí fíùsì, wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò jó. Mo ní n ó fi àpótí fíùsì kejì sí i, kí ohun kọ̀ọ̀kan ní fíùsì tirẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo ṣe é. Oníwáyà mọ́tò kan láti Ìsẹ́yìn, tó ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, wá ràn mí lọ́wọ́. Ó ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ra ìwé, èmi ni mo ya àwòrán iṣẹ́ náà sórí bébà. Mo ní kí ó kàn máa bá mi di nǹkan mú. Mo kan àpótí náà, tó ní fíùsì mẹ́fà, mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo wá fa wáyà nínípọn kan láti ara bátìrì, mo lu ihò kan sí irin tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, mo fà á gba ibẹ̀, mo sì so ó mọ́ àpótí náà.

"Ọ̀gá," oníwáyà náà ní, "wáyà tó nípọn yìí..."

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó mi gbé àwo iṣu dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà. Ṣé ọkọ̀ mi á lè rìn lọ́la, àbí kí n lọ wá ràkúnmí?"

"Kò sí fíùsì tí yóò tún dà ọ́ láàmú," mo ní. "Bi í léèrè."

Ó wo ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Iṣẹ́ ọ̀gá dára, Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ó ní, ó sì bu iṣu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń fọ ẹnu lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ìró alùpùpù oníwáyà náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó wá rí i pé jíìpù kò sí níbi tó máa ń wà.

"Ọ̀gá, Àǹtí dà?"

"Ó ti lọ. Ó ti tó wákàtí kan."

Ó gbé ọwọ́ lérí. "Kai!"

Ó wá sọ ohun tó fẹ́ sọ lánàá. Fíùsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ṣọ́ àwọn ohun tí mo so mọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń ṣọ́ wáyà nínípọn tó ti ara bátìrì wá. Etí ihò tí mo lù sì mú bí abẹ, n kò fi rọ́bà sí i. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, irin yóò máa gé ara wáyà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá gé e dé bàbà inú rẹ̀, wáyà náà yóò gbiná, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró. Mo rántí gálọ́ọ̀nù epo pẹtiróòlù tí mo fọwọ́ ara mi gbé sẹ́yìn àga ìyàwó mi.

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lánàá?"

"Níwájú ìyàwó yín, Ọ̀gá? Ẹ̀yin tí ẹ kàwé? Mo ní kí n wá bá yín ní kọ̀rọ̀ láàárọ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n máa ń tètè jáde tó báyìí."

N kò lè bá a jà. Ká ní èmi ni mo wà nípò rẹ̀, ohun tí n bá ṣe nìyẹn.

Mo gun ẹ̀yìn alùpùpù náà pẹ̀lú aṣọ tí mo fi sùn. Lórí títì ọlọ́dà, ọkọ̀ kì í gbọ̀n púpọ̀. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn títí a fi kọjá Kwali. Ní Abaji, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà na ọwọ́ sí ọ̀nà ilẹ̀ pupa. "Jíìpù nọ́ọ̀sì? Ó ti pẹ́ tó ti yà síbẹ̀ yẹn."

Ojú ọ̀nà náà rí bí páànù òrùlé. Gbogbo ìgbà tí alùpùpù bá ta, wáyà yẹn ni mò ń rí. Mo rí èéfín lókèèrè, mo sì fọwọ́ gbá oníwáyà náà léjìká kí ó sáré sí i. Àwọn àgbẹ̀ tó ń sun pápá ni.

Nígbà tó ṣe, a rí jíìpù náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìyàwó mi jókòó lábẹ́ igi èmì kan, ó jìnnà dáadáa sí ọkọ̀. Òun àti àgbẹ̀ kan ti gbé gálọ́ọ̀nù epo àti fíríìjì kúrò nínú ọkọ̀, ó sì ti fi gèlè rẹ̀ bo fíríìjì náà.

"Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi," ó ní. "Pìjámà lẹ wọ̀ wá kí mi?"

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ wò. Ìka méjì ti bó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní òun gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, òun pa ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n èéfín kò dẹ́kun, ni òun bá mú sípánà, òun tú orí bátìrì. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé bí nǹkan bá ń jó, ibẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ sáré lọ."

N kò rántí pé mo sọ ọ́.

Oníwáyà náà yọ wáyà tó ti dúdú yẹn. Ó fi òmíràn tó mú wá nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó fi fíùsì kan sí i nítòsí bátìrì, ó wá ń wá ohun tí yóò fi bo etí ihò. Ìyàwó mi bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó jù ú sí i. Oníwáyà náà gé e, ó sì fi rọ́bà rẹ̀ yí etí ihò náà ká.

"Ta ló ní kí ẹ so ó bí ẹ ṣe so ó tẹ́lẹ̀?" ìyàwó mi béèrè. Èmi ló kọjú sí.

Mo la ẹnu. Oníwáyà náà yára jù mí lọ. "Èmi ni, Àǹtí. Ọ̀gá fẹ́ fi fíùsì sí i, èmi ni mo ní kò pọn dandan."

"Ìwọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ẹ má bínú."

"Àwọn abiyamọ ń dúró dè mí nínú oòrùn! Ká ní epo yẹn gbiná ńkọ́? Kí n má tún rí ọwọ́ rẹ nínú ọkọ̀ mi mọ́ láé!"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Mo mú sípánà, mo kọjú sí bátìrì, mo ń de orí rẹ̀ padà.

Ó gun alùpùpù rẹ̀ padà. Èmi ni mo wa ìyàwó mi dé abúlé náà. Oògùn ṣì tutù, ìyàwó mi sì fi ìka tó dì ní báńdéèjì gún gbogbo àwọn ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ká ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà sórí àga.

"Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

Mo ní ọ̀nà yìí kò dára, kí ó di irin mú dáadáa.

Kò bi mí mọ́, ní gbogbo ọdún tí a tún fi jọ gbé, títí dé àwọn oṣù ìkẹyìn ayé rẹ̀ tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bá a bọ́ sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Oníwáyà náà kò sì tún wá sílé wa.