Ọkọ̀ Ojú Irin Tí A Fi Rédíò Wò

Mo rántí ìgbà tí ọ̀sán Sátidé kì í dùn mọ́ mi àfi tí mo bá jókòó sẹ́bàá ojú irin ní Enugu, rédíò lórí itan, wáyà gígùn lórí igi máńgòrò, tí mò ń retí ọkọ̀ tó lè dé, tó sì lè má dé rárá. Nígbà yẹn, ọkọ̀ èrò ṣì máa ń ti Port Harcourt gòkè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ni mí nílé ìwé girama, mo ti di ìyá ọlọ́mọ, àwọn aládùúgbò sì gbà pé ìwé àkàjù ló ń dà mí láàmú. Ọkọ mi, ọmọ Ígbò láti Ngwo, ló máa ń bá mi gbé bátìrì tí rédíò náà ń lò débẹ̀. Á gbé e kalẹ̀, á nu ọwọ́, á ní, "Dis train wey you dey wait so, e know say person dey wait am?" Ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, mo máa ń ní kó máa lọ sílé.

Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn o. Ti àwa tí a gba ìwé àṣẹ ìjọba ni, tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́ láti ìlú dé ìlú, nítorí pé ó wù wá. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ń da ìyẹn pọ̀ mọ́ wíwo ọkọ̀ ojú irin, títí mo fi gbọ́ ohùn bàbá kan láti Ìkìrun. Òṣìṣẹ́ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ilé wọn ò sì jìnnà sí ibùdókọ̀. Wọ́n gbọ́ tí mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ mi, wọ́n sì fi Yorùbá dá mi lóhùn: "Ìwọ obìnrin yìí, ariwo kí ló wà lẹ́yìn rẹ yẹn? Àbí ọkọ̀ ojú irin ni?" Wọ́n ní ohùn ọmọ Yorùbá làwọn gbọ́ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn ṣe fún mi. Akọ̀wé ojú irin ni bàbá mi, iṣẹ́ ló gbé wọn wá sí Enugu, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí ìyá mi náà kú tẹ̀lé wọn, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ Yorùbá nínú ilé mọ́. Bí mo bá sọ ọ́ sáwọn ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi dáhùn. Mò ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ti ìkíni àti orin nìyẹn. Èmi ń wá ẹni tí n óò bá jiyàn. Ebi èdè ń pa mí, mi ò sì mọ̀ pé ebi ni.

Bàbá ní ká máa pàdé lójú afẹ́fẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sán Sátidé, àwọn létí ojú irin tiwọn, èmi létí tèmi. Ẹni tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ dé bá á sọ bó ṣe rí fún ẹnì kejì. Ì bá rọrùn, bí kì í bá ṣe pé Yorùbá ni wá. Òfin rédíò ni pé kí ọ̀rọ̀ mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àgbàlagbà pàdé tí kò ní kí i? Mo máa ń kí wọn kú ọ̀sán, kú oòrùn, kú ìjókòó. Àwọn náà á béèrè ọkọ mi, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ àwọn àna mi. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tí a ti ń retí látọjọ́ yìí kọjá níwájú mi níbi tí mo ti ń ṣàlàyé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ mi. Bàbá gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú rédíò. Wọ́n ní, "Olúwa á wo ìyá sàn. Àwọ̀ wo ni ẹ́ńjìnnì yẹn?" Ìdí ọkọ̀ nìkan ni mo rí. A rẹ́rìn-ín títí, a sì fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni kó máa ṣáájú ìkíni. A ò pa àdéhùn náà mọ́ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá ń jiyàn bí ẹgbẹ́. Mo ní fèrè ọkọ̀ tiwa ló dùn jù, torí pé òkè ń dá a padà. Wọ́n ní òkè kì í fọn fèrè, kí n má fi tíṣà tan àwọn jẹ.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ò wá sí Enugu mọ́, ìròyìn ti Ìkìrun ló kù tí mò ń jẹ. Ìgbà náà ni Bàbá sọ pé ọmọ àwọn obìnrin fẹ́ kó àwọn lọ sí Kánádà. Mo wọ mọ́tò, ó di Ìkìrun. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì ti kó ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ jọ kí n tó débẹ̀.

Bàbá kéré ju ohùn wọn lọ. Mo kúnlẹ̀, wọ́n súre fún mi, wọ́n béèrè ilé, mo dáhùn. Ọ̀rọ̀ tán. Iwájú àgbà ni mo wà, ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í tẹjú mọ́ àgbà kó máa jiyàn. Wọ́n gbé mínírà síwájú mi, mo mu ún. Wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó dùn mí débi pé omi ti ń bọ̀ lójú mi.

Ó jọ pé wọ́n rí i. Wọ́n wọlé lọ mú rédíò kékeré méjì jáde, a rìn dé ibùdókọ̀, wọ́n sì ní kí n lọ dúró ní òpin pèpéle lọ́hùn-ún. Mo kẹ́yìn sí wọn.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín sà. Ẹ ò sì lè lọ sí Kánádà."

Ọ̀rọ̀ bá tú jáde. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn tó ti kú fún mi. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ lọ, pé ẹ̀rù ibi tí àwọn ò ti ní rẹ́ni bá jiyàn ló ń ba àwọn. Mo sọ fún wọn pé èmi náà ò ní ẹlòmíràn. Nígbà tí ọkọ̀ Èkó wọlé, wọ́n sọ bó ṣe rí fún mi, èmi náà sọ fún wọn, bí ẹni pé kì í ṣe iwájú àwa méjèèjì ló dúró sí. Àwọn èrò ń wò wá láti ojú fèrèsé.

Wọ́n lọ ṣá. Ilé alájà gíga ni wọ́n ń gbé lọ́hùn-ún, àwọn tó ni ilé náà ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni na wáyà rédíò síbẹ̀. Orí fóònù ni a ń pàdé báyìí, èyí tí ojú ń hàn nínú rẹ̀. Ọmọ wọn ló máa ń gbé e dání, ó ní inú Bàbá máa ń dùn láti rí mi. Bí ojú wọn bá ti yọ, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi. Wọ́n á súre, wọ́n á béèrè ilé, mà á dáhùn, ó parí nìyẹn. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé ká pa àwòrán yẹn, kó ku ohùn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni n óò fi sọ fún bàbá àgbàlagbà pé mi ò fẹ́ rí ojú wọn?