Ìgbà Tí A Kò Kí Aláta

Ẹja gbígbẹ ni mo ń tà ní Àkúrẹ́, ẹnu mi sì mú ju egungun inú ẹja lọ. N kò kàwé tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n fi nǹkan ṣe ẹ̀rín. Mo ti fi ọkọ mi ṣe ẹ̀rín, mo ti fi pásítọ̀ ṣe é, mo sì fi ara mi náà ṣe é lọ́jọ́ tí ológbò gbé ẹja ńlá sá lọ níbi tí mo ti ń sọ fún oníbàárà pé kò sẹ́ni tó gbọ́n jù mí lọ́jà.

Obìnrin tó jókòó tì mí, ata àti tòmátì ló ń tà. Ọmọ Oǹdó ni, ọkọ ló gbé e wá sí Àkúrẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án la fi wà lábẹ́ páànù kan náà. Bí mo bá bú ata rẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja yín kú lódò, ó tún kú lórí iná, ẹ tún fẹ́ kó pa oníbàárà." Gbogbo ìlà ìsọ̀ wa á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó wá di àwọn ọdún tí nǹkan le, tí owó oṣù kì í wọlé déédéé, àwọn ìyàwó ọ̀gá láti Ìjàpọ̀, àdúgbò àwọn olówó, pàápàá ń ní kí n ta orí ẹja fún àwọn lọ́tọ̀. Ojú gbogbo wa ló le. Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú aláta tó le kò fi jọ mí lójú.

Òfin kan wà ní ìlà wa: ẹni tó bá dé ló ń kí àwọn tó bá níjòókòó, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin. Ẹni tí kò bá kí wa, àwa náà ò ní kí i, títí yóò fi gbé kéèsì mínírà kan wá bẹ̀bẹ̀. Aláta wá dẹ́kun kíkí wa. Á dé, á jókòó, kò ní ṣí apẹ̀rẹ̀. Tòmátì rẹ̀ ń rà, omi rẹ̀ ń ṣàn wá sábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo ní, "Aláta, ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ se ọbẹ̀ fún ni?"

Ìlà bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ó rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni kò rẹ̀? Ó rẹ èmi náà, ẹja mi ò sì rà."

Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ ni mo gbé ẹjọ́ lọ bá ìyá ẹgbẹ́ wa. Mo ní, "Ìyá, aláta ti di olorì, kì í kí mẹ̀kúnnù mọ́." Ìyá ní kí ẹnikẹ́ni má kí i mọ́.

A kò kí i. Ẹni tó bá ń kọjá á kí mi, á fo aláta, á kí alálùbọ́sà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kejì. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó lé ní oṣù kan tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì ń rí mi?"

Mo wo ọ̀dọ̀ ìyá ẹgbẹ́, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí yí ẹja mi padà. N kò dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọkọ rẹ̀ tó wá kó apẹ̀rẹ̀. Ó ní díẹ̀ ló kù kí àwọn má bá a láàyè, ìyá rẹ̀ sì ti mú un lọ sí Oǹdó.

Mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ fún mi ní àpótí jókòó. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ni. Ìsoríkọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ní bí ibà ṣe ń mú ara ló ṣe ń mú ọkàn. Wọ́n ti fún un lóògùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní oògùn nìkan ò tó, ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan." Ó wá wojú mi. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ wà lọ́jà, ṣé ẹ kò rí i ni?"

"A rí i, mà."

"Kí lẹ wá ṣe?"

Mo dìde lórí àpótí, mo wọkọ̀ padà.

Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún ìyá ẹgbẹ́. Ó ní òfin lòfin. Mo ní, "Ìyá, òfin wa ló kù díẹ̀ kó pa á, èmi ni mo sì gbé e fún yín." Ìyá wá ní ká pa òfin náà tì. Látìgbà náà, bí ẹnìkan bá dákẹ́ ní ìlà wa, a máa ń lọ jókòó tì í, a sì ń bi í pé kí ló ń dùn ún. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n elélùbọ́ ló wà níjòókòó aláta báyìí.

Ara rẹ̀ ti ń yá. Ó ń lo oògùn, ó ń tà díẹ̀díẹ̀ níwájú ilé ìyá rẹ̀ l'Óǹdó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ. Bí mo bá bú ata rẹ̀ pé ó rí wínníwínní, á ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," bí ẹni ń dá àlejò lóhùn. Ẹni tó máa ń bú mi tẹ́lẹ̀ ló wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, kí n tó jókòó, mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tó bi mí lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń ní, "Mo rí ọ o, aláta." Á mi orí pé òun gbọ́. Kò tíì bú mi.