Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Òwú Fìdí Rẹmi

Títí di òní, bí òórùn ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí bá kàn mí nímú, inú á bí mi. Ní Kétu ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú ọyẹ́. Wọ́n ti wọ́n omi sí pápá tẹ́níìsì tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá tó ń gba òwú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi dúró sídìí ọgbà, à ń wo ọ̀gá náà àti nọ́ọ̀sì kan tó ń bá a gbá bọ́ọ̀lù.

Nọ́ọ̀sì lù ú bí ẹní lu bàrà: mẹ́fà sí méjì, mẹ́fà sí ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ Ajé, mẹ̀tírì, olùkọ́ kíláàsì wa, ní kí á kọ ohun tí a rí lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí mo rí náà ni mo kọ. Bàbá mi, àgbẹ̀ olówùú ní Okpomèta, kì í yé sọ ọ́ fún wa pé, “Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ.” Òdo ni mẹ̀tírì fún mi. Ó ní kí n tún un kọ pé ọ̀gá ló borí. Mo ní n ò ní kọ ọ́. Ló bá ránṣẹ́ pe bàbá mi.

Òwú bàbá mi ṣì wà lẹ́bàá títì nígbà náà, wọn ò tíì wá kó o, ewúrẹ́ sì ti ń sùn lórí rẹ̀. Mẹ̀tírì ò fi bò fún un. “Baba, bí ọ̀gá bá gbọ́ ohun tọ́mọ yín kọ, ta ni yóò gba òwú yín?” Ni bàbá mi bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọkùnrin tó lè bí lọ́mọ! Ó wá kọjú sí mi: “Sìkírá, jọ̀ọ́, tún un kọ.” Mo kọ̀ jálẹ̀. Mẹ̀tírì fúnra rẹ̀ fi gègé bíìkì pupa pa ohun tí mo kọ rẹ́, ó kọ tirẹ̀ sí i, ó kà á sókè, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́. Àwọn tí a jọ wò ó! Wọ́n wá kó òwú náà lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.

Ìròyìn tẹ́níìsì ni iṣẹ́ mi báyìí, ní Kútọnu. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ olówó kan ń fìdí rẹmi lọ, ló bá ju rákẹ́ẹ̀tì lu adájọ́ lórí pápá. Bàbá rẹ̀ ló ń polówó ọjà nínú ìwé ìròyìn wa. Olóòtú mi ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú ìròyìn mi, kí n kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ló ń dun ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́. Mo kọ ọ́, mo sì fi orúkọ mi sí i.

Bí ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn bá pàdé mi lọ́nà lónìí, kò ní kí mi, n ò sì ní lẹ́nu láti bá a wí.