Aláràbarà àti Búrọ́ọ̀ṣì Ewé Rẹ̀

"Má jẹ́ kí Fọ́tò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Kò kí mi pé ó dàbọ̀. Kò bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó sọ ọ́, ó kọjú sí ògiri, nọ́ọ̀sì ní kí n lọ dúró níta. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí padà, ó ti lọ.

Aláràbarà ni àwọn oníbàárà ń pè é. Èmi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kì í jẹ́ kí n sọ "ẹ" sí òun. Ó ní "ẹ" ń hu ewú sí òun lórí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Búrọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe èyí tó nírun. Inú kọ̀ǹpútà ni tirẹ̀ wà, nínú ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Ẹ fi wé òǹtẹ̀. Á fi yíǹkì dúdú ya ewé kan sórí pépà funfun, á fi fóònù yà á, á gbé e sínú kọ̀ǹpútà, á sọ ọ́ di búrọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà, ibi tó bá ti tẹ máòsì ni ewé á ti hù: létí fọ́tò ìgbéyàwó, lórí káàdì ọjọ́ ìbí, lábẹ́ orúkọ ọmọ tuntun. Àwọ̀ tó bá wù ú ló lè fún un. Ó lè tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ó lè kéré bí èèrà.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ilé ìtẹ̀wé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gé etí káàdì. Tí iṣẹ́ bá dá, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wọn, á máa tẹ ibi tí kò mọ̀ títí á fi mọ̀ ọ́n. Ó ba nǹkan jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó dá dúró, ó ń kọ́ èèyàn tọkàntọkàn. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó gbogbo òdòdó rẹ̀ lọ. Kó tó pẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ti ń tẹ òdòdó ẹ̀gbọ́n mi sórí káàdì. Oníbàárà kan tiẹ̀ wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lójú ara rẹ̀ pé òdòdó ẹlòmíì ló ń jí. Àtọjọ́ náà ni kò ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Kò kúkú ṣíwọ́ kíkọ́ èèyàn. Ó kàn ń fo ibì kan ni. Fóònù kì í ya pépà funfun ní funfun. Ó máa ń gbé e jáde bí eérú. Tí o bá sọ ọ́ di búrọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, pépà á tẹ̀ lé ewé. Ibi gbogbo tí o bá tẹ ewé sí, òjìji onígun mẹ́rin á wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni tẹ́ ẹní fún un. Gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe àṣìṣe yẹn. Pípa eérú náà rẹ́ kò le. Àmọ́ tó bá ti kan ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á gbórí sókè: "Ta ló ń kanlẹ̀kùn yẹn? Bá mi wò ó." Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó padà, ó ti parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà ju kọ̀ǹpútà lọ.

Èmi nìkan ló fi ibẹ̀ hàn. Mi ò kàwé lọ títí. Ó ní ẹni tí kò lè ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà kò ní rí nǹkan kan sọ fún ará ìta.

Fọ́tò ni wọ́n ń pe onífọ́tò tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ háyà ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ya èèyàn níwájú, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lẹ́yìn, kọ́tìnnì ló wà láàárín wọn. Ó dàgbà jù wá lọ. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù, pé ológbò tó ń ṣọ́ eku kì í pariwo. Fọ́tò pàápàá kọ́ búrọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun náà lọ wo ẹnu ọ̀nà. Ewé tirẹ̀ náà sùn sórí ẹní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé kọ̀ǹpútà wá sílé. Mo fi aṣọ dì í, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Fọ́tò wá kí mi. Ó bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí ló kàn án. Ó tún padà wá, ó ní òun fẹ́ ṣe fọ́tò ìrántí fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí òdòdó rẹ̀ kan tí mo lè fún òun. Mo ní kò sí. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tàbí bóyá ilẹ̀ ló wò. Mo lọ ra àgádágodo tuntun.

Ọjọ́ tó gbé fọ́tò ìrántí náà wá, mo wà níbi iṣẹ́. Ó fi pépà dì í, ó fi lé ìyá onílé lọ́wọ́. Ìyá onílé ní ó dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mi kó tó lọ.

Mo tú u. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ewé yí i ká. Ewé náà mọ́. Kò sí òjìji kankan. Orí rẹ̀ tẹ̀ bí ti ewé ẹ̀gbọ́n mi. Ọkàn mi ní: ó ti wọlé. Mo yẹ àgádágodo wò, nǹkan kan ò ṣe é. Mo yẹ aṣọ tí mo fi di kọ̀ǹpútà wò, mi ò rántí bí mo ṣe so ó mọ́. Ìyẹn tó fún mi. Mo gbé fọ́tò, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ó ń nu ojú kámẹ́rà. Mo gbé fọ́tò kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, ibo lẹ ti rí ewé yìí?"

"Èmi ni mo yà á."

"Ewé tiyín máa ń ní òjìji."

Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀. "Àbúrò, ìfura loògùn àgbà. Àmọ́ téèyàn bá ń lo oògùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, oògùn náà á di àìsàn. Jókòó."

Ó tan kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó fi pépà tó ya ewé sí hàn mí. Ewé inú ìkòkò òdòdó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ni, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi náà máa ń wò yà. Ó fa ewé kan sún mọ́ wa títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Etí rẹ̀ rí jákujàku bí ohun tí eku jẹ. Ohun ìparẹ́ inú kọ̀ǹpútà ló fi nu eérú náà, díẹ̀díẹ̀, yí gbogbo ewé po. Mo mọ etí ewé ẹ̀gbọ́n mi. Ó máa ń jọ̀lọ̀. Èyí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo kọjú sí i. Mo ní:

"Ṣé ẹ mọ̀ pé kò fi gbogbo rẹ̀ hàn yín?"

"Mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn."

"Kí lẹ wá ń lọ wò?"

"Ẹ̀rù ló ń bà á. Mo máa ń dúró síta díẹ̀ kó lè ráyè parí."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbà á gbọ́. Ẹni tó fẹ́ jí nǹkan náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ń fò yẹn nìkan ni ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún èmi nìkan. Tí mo bá sọ ọ́, a ti di méjì. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi nínú fọ́tò, láàárín àwọn ewé jákujàku yẹn. Mo na ọwọ́ sí máòsì.

Fọ́tò dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó," mo ní.

Mo fi hàn án. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń yí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò padà: àwòrán kan wà níbẹ̀ tó dà bí òkè, àwọn orí ọfà kéékèèké wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fa ọfà funfun lọ sósì títí eérú fi pòórá. Mo fa ọfà dúdú lọ sọ́tùn-ún díẹ̀, yíǹkì dú bí èédú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fọ́tò fọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni.

"Aláràbarà, o ṣeun o," ó ń sọ fún fọ́tò ìrántí náà. "Ojú mi ì bá fọ́ sórí ewé."

Kí n tó kúrò, mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi han ẹlòmíì. Ó ní òun ti gbọ́. Ìgbà tí mo fi máa dé ìkóríta, ọkàn mi ti ń sọ pé bóyá ló máa pa á mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti fa kọ́tìnnì.

Nílé, mi ò wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì; mo pọn omi sínú bàsíà. Mo da ọṣẹ sí i. Mo fọ ìbọ̀sẹ̀ iṣẹ́ mi, mo fún un, mo sá a sórí okùn.