Igi Tó Kù Láyé Nínú Eré Àǹtí Mi

Òórùn kòkó tí wọ́n ń sá sínú oòrùn máa ń wọ gbọ̀ngàn ìjọ wa ní ìlú Oǹdó, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ó máa ń kan bí ẹmu àná. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òórùn bẹntiróòlù dà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí mo gbé ẹ̀rọ ìgégi mi wá síbẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, igi ni mò ń là. Ìwé tèmi ò lọ jìnnà, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, kàwé, tíṣà ni wọ́n, àwọn ni wọ́n kọ eré tí àwa ọ̀dọ́ ìjọ fẹ́ ṣe.

Ayé kan tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú ni eré náà dá lé. Ẹ̀rọ ló ń jọba níbẹ̀, òun ló ń sọ ìgbà tí èèyàn lè jẹun àti ẹni tó lè bímọ. Igi kan ṣoṣo ló kù láyé, igi kòkó. Lópin eré, ìránṣẹ́ ẹ̀rọ yóò gé e lulẹ̀. Èmi ni ìránṣẹ́ náà. A gbé igi kòkó gbígbẹ kan wá láti oko bàbá wa, a rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn, a so ewé tútù mọ́ ọn. Mo ti rẹ́ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè wó bí mo bá tì í, mo sì yọ ṣéènì tó ń gégi kúrò lára ẹ̀rọ mi, kó lè jẹ́ pé ariwo nìkan ni yóò máa pa.

Àǹtí mi fà mí sẹ́yìn aṣọ ìtàgé. “Tí o bá ti pa ẹ̀rọ, má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Igi yẹn ni ìrètí àwọn èèyàn inú eré, kí àwọn tó ń wò wá rí i pé ó ti tán.”

“Mo gbọ́, Àǹtí.”

Àwọn àgbẹ̀ ló kún inú gbọ̀ngàn. Bí mo ṣe tan ẹ̀rọ tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ igi, bàbá kan níwájú nawọ́ sí mi. “Gé e nísàlẹ̀ dáadáa, ọmọ. Kòkó gbígbó nìyẹn. Á tún yọ ọ̀mùnú.”

“Kí ló ń dúró dè?” ẹlòmíràn ní. “Àbí wọ́n ń sanwó ìdúró fún un ni?”

Ẹ̀rín sọ. Òótọ́ kúkú ni wọ́n ń sọ: bí kòkó bá ti gbó jù, a máa ń gé e kó lè rú padà. Ẹ̀rín náà sì dùn mọ́ mi. Igi wó, mo pa ẹ̀rọ, dípò kí n dákẹ́, mo ní, “Bàbá, ṣé kí n wá gé tiyín lọ́la?” Inú ẹ̀rín ni wọ́n ti fa aṣọ ìtàgé.

Àǹtí mi ń tú ewé kúrò lára igi nígbà tí mo bá wọn lẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Wọn ò pariwo. “Àwọn bàbá yẹn ò ṣẹ̀ mí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sọ. Ìwọ lo mọ ohun tí mo bẹ̀ ọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, ó sì bá mi sùn. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wa.

Nígbà tí wọ́n pè wá sí Àkúrẹ́ láti wá ṣe eré náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Mo gé igi, mo pa ẹ̀rọ, mo pa ẹnu mi mọ́. Ilé pa rọ́rọ́. Obìnrin kan rọra gbé fóònù rẹ̀ sórí itan. Ìdákẹ́ náà wúwo, mo wá mọ ohun tí mo fi ẹ̀rín gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Obìnrin náà wá bá wa lẹ́yìn eré. “Tíṣà, ṣé kò sí nǹkan kan tó kù ni?”

“Ẹ bi àbúrò mi. Òun ló gé e.”

“Mà,” mo ní, “tó bá jẹ́ ní Oǹdó ni, wọ́n á ti máa retí ọ̀mùnú.”

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, a sì tún ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ó dá mi lójú pé kò sí èyí tó ṣì í wò nínú àwọn ará Oǹdó àti ará Àkúrẹ́. Igi kan náà ni, ojú tí kálukú gbé wá ló yàtọ̀. Èmi nìkan ni mo ṣìṣe, torí mo ti mọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ fẹ́. Ní báyìí, bí Àǹtí mi bá ń kọ eré tuntun, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà á fún. Wọ́n á bi mí pé kí ni àwọn ará oko máa sọ níbí yìí, n ó sì sọ ọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á yí i padà. Nígbà mìíràn wọn ò ní yí i, n ó sì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́.